Omi Ẹsẹ̀ Ìyàwó Lẹ́nu Ọ̀nà Ọ́fíìsì

Ọjọ́ tí Bernice kọ́kọ́ dé ilé ọkọ rẹ̀ ní Ìwó, ọwọ́ Sàdíátù ló bu omi sí i lẹ́sẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é ní agbo ilé tiwọn. Ìyàwó kì í fi eruku ọ̀nà wọlé. Àgbà nínú àwọn ọmọbìnrin ilé ni yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, yóò po oyin díẹ̀ mọ́ omi kànga àgbàlá, yóò fọ ẹsẹ̀ ọ̀tún, yóò fọ tòsì, yóò sì wí pé, "Ẹsẹ̀ yìí, ilé wa lo wọ̀. Ohun tó bá bá ọ, àwa ló bá." Láti ìgbà náà lọ, ẹni tó fọ ẹsẹ̀ ìyàwó ló gbà á. Bí ìyàwó ṣàìsàn, òun ni wọ́n ń pè. Bí ìyàwó àti ọkọ jà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìyàwó ń sá lọ.

Ìwó kò gbàgbé ọjọ́ náà. Nígbà tí Ọlábánjí, àbúrò Sàdíátù, ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù pé òun ń mú ìyàwó bọ̀, gbogbo àdúgbò ló rò pé òyìnbó ni. Àwọn ọmọ ilé kéwú pa wàláà tì, àwọn àgbà gbé àga síta. Nígbà tí mọ́tò dúró tí ilẹ̀kùn ṣí, obìnrin tó sọ̀ kalẹ̀ dúdú ju Sàdíátù fúnra rẹ̀ lọ.

Ìyá arúgbó kan ló kọ́kọ́ la ẹnu. "Háà! Gbogbo ìrìn tí Bánjí rìn dé Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ló lọ mú wá?"

Ẹ̀rín ta. Àfi ìgbà tí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ la ẹnu, tí gẹ̀ẹ́sì tó ń sọ ṣòro débi pé tíṣà pàápàá ń fi etí sí i bí ẹni tó ń gbọ́ òjò lórí páànù. Jàmáíkà ni wọ́n ti bí i, erékùṣù kan láàárín òkun lọ́hùn-ún, níbi tí wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lọ láyé òwò ẹrú. Sàdíátù tó ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú igbá omi gbójú sókè, ó rí i pé obìnrin náà ń sunkún láìdún. Kò bi í léèrè. Ó fọ ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó fọ tòsì, ó sọ ọ́ ní Àyìnkẹ́.

Ìjọba àpapọ̀ ni Ọlábánjí ń bá ṣiṣẹ́, nínú àwọn tó ń wọn ilẹ̀ títì. Lẹ́yìn àjọ̀dún ńlá tí wọ́n torí ẹ̀ kọ́ Festac, nígbà tí wọ́n ń fi ìbò pín ilé fún àwọn òṣìṣẹ́, orúkọ rẹ̀ jáde. Wọ́n fún un ní fúláàtì kan lókè, ojú fèrèsé rẹ̀ kọjú sí odò ìdọ̀tí kan tí Bernice gbin ẹ̀fọ́ sí etí rẹ̀. Sàdíátù náà tẹ̀lé wọn wá sí Èkó. Ó gba yàrá ní Ijegun-Egba, ó sì ń ta mílíìkì, ṣúgà, sàdíìnì àti ọṣẹ ní ìsọ̀ kan lẹ́bàá Apple Junction. Bí Ọlábánjí ṣe jẹ́ onígbàgbọ́ nítorí ilé ìwé àwọn Onítẹ̀bọmi tó lọ, tí òun jẹ́ mùsùlùmí bíi bàbá wọn, kò mú ohunkóhun wá sáàárín wọn ju pé wọ́n ń jẹ ẹran ọdún lẹ́ẹ̀mejì.

Yorùbá Bernice jáde, ṣùgbọ́n ó ní àrà tirẹ̀. Ẹnì kan ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọ́dọ̀ fi "ìwọ" pe ẹni tó jù ú lọ. Kó má baà ṣì í, ó ń fi "ẹ̀yin" pe gbogbo ẹ̀dá. Bí ọmọ ọwọ́ ń sunkún, yóò ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ má sunkún mọ́." Bí ewúrẹ́ wọ inú ẹ̀fọ́, yóò ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde níbẹ̀."

Ọlábánjí á rẹ́rìn-ín títí omi á bọ́ lójú rẹ̀. "Àyìnkẹ́, ewúrẹ́ yẹn kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi o."

"Ó ní irùngbọ̀n, Bánjí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀?"

Ohun kan wà tí Sàdíátù rí lára obìnrin yìí tí kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ mọ́. Omi ẹ̀rọ ti lọ lọ́jọ́ náà, gbogbo ará ilé ń pọn omi nísàlẹ̀. Bernice mú àkísà kan, ó ká a, ó lọ́ ọ, ó fi ṣe òṣùká, ó gbé e lé orí, ó gbé kòròbá omi lé e, ó sì ń gun àtẹ̀gùn lọ, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, bí ẹni tí wọ́n bí sí ẹ̀yìnkùlé Ìwó.

"Àyìnkẹ́! Ta ló kọ́ ọ lóṣùká?"

"Ìyá àgbà mi ni."

"Ta ló kọ́ ìyá àgbà rẹ?"

"Ìyá tirẹ̀. Ta ni ì bá tún jẹ́, Ẹ̀gbọ́n mi?"

Sàdíátù jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ó ń ro àwọn tí wọ́n kó kọjá òkun, tí ẹnikẹ́ni kò béèrè ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ wọn, tí ẹnikẹ́ni kò lu òǹtẹ̀ fún, tí wọ́n gba aṣọ àti orúkọ lára wọn, tí òṣùká sì bá wọn lọ. Ó bá wọn lọ, ó sì tún bá ọmọ wọn bọ̀. Sàdíátù ní, "Ọlọ́run tóbi," ó dìde, ó lọ pọn omi tirẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1985 ni Ọlábánjí jáde lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, tí kò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bọ̀ mọ́. Ó ní àyà ń dun òun. Kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn, ẹ̀mí ti bọ́ lára rẹ̀. Sàdíátù ló pọ̀n ọ́n dàgbà. Kò sí ibi tí a ń gbé ọ̀fọ̀ àbúrò ẹni sí. Bí a bá dùbúlẹ̀, ó wà lábẹ́ ìhà. Bí a bá dìde, ó ti jókòó sórí àga, ó ń dúró dè wá. Wọ́n gbé e lọ sí Ìwó, wọ́n sin ín sí àgbàlá, nítòsí kànga.

Gbogbo ará àdúgbò ló ń retí pé kí Bernice di ẹrù rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin pè é lórí tẹlifóònù láti Jàmáíkà, ó ní òun ti ṣètò owó ọkọ̀ òfuurufú, kí ó máa bọ̀ wálé, kí ló kù tó ń ṣe ní Áfíríkà?

Bernice sọ ohun tó dá a lóhùn fún Sàdíátù. "Mo ní Tòkunbọ̀ ọmọ mi ṣì wà ní ilé ìwé. Mo ní Bánjí wà ní Ìwó. Mo ní, níbo ni ẹ ní kí n máa bọ̀?"

Sàdíátù wò ó títí. Obìnrin tí ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀ là gbọọrọ níwájú, tí wọ́n ti san owó ọkọ̀ rẹ̀, tó ní oko ẹ̀fọ́ etí odò ìdọ̀tí lòun yóò jókòó tì.

Ṣùgbọ́n jíjókòó náà kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan. Ọdún yẹn gan-an ni ìjọba ológun pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí ìwé rẹ̀ kò pé jáde nílùú. Ní Mile 2, Sàdíátù rí wọn lójú títì, ọkùnrin, obìnrin, ọmọ lẹ́yìn, báàgì onílà pupa òun búlúù lórí. Obìnrin ará Gánà kan tó máa ń ra ṣúgà lọ́wọ́ rẹ̀ yà ní ìsọ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ yàrá rẹ̀ lé e lọ́wọ́. "Màmá, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀. Màá padà wá." Sàdíátù so kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ etí aṣọ. Ó ń ronú pé orúkọ kan ṣoṣo ló ya Bernice sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn wọ̀nyí, ẹni tó ni orúkọ náà sì ti wà lábẹ́ ilẹ̀.

Nítorí bí ìwé ìgbélùú Bernice ṣe rí nìyí: kì í ṣe orúkọ tirẹ̀ ló gbé e dúró. Nígbàkígbà tó bá fẹ́ parí, Ọlábánjí ni yóò kọ ọ́ pé ìyàwó òun ni, òun sì gba gbogbo ọ̀ràn rẹ̀ sọ́rùn. Yóò san owó, owó tó ń gòkè lọ́dọọdún bí igi àgbọn, wọn yóò sì lu òǹtẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, Bernice ta mọ́tò Dátsùn ọkọ rẹ̀ kí owó ìwé lè pé, ó sì dá lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tí wọ́n ti ń lu òǹtẹ̀ sí ìwé àwọn àlejò. Ọ̀gá kan níbẹ̀, Gbádégẹṣin lórúkọ rẹ̀, gbà á tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Màdáámù, ẹ kú ọ̀fọ̀. Owó yín pé. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbà yín sọ́rùn ti kú, òkú kò sì lè gba ènìyàn sọ́rùn. Ẹ mú ẹnì kan wá láti ìdílé ọkọ yín, ọmọ Nàìjíríà, kó wá fọwọ́ sí i pé òun ni yóò máa dáhùn fún yín. Kí oṣù yìí tó parí o. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó bá àwọn yòókù lọ."

Sàdíátù ránṣẹ́ sí Ìwó. Mùsúdù dé, àkọ́bí bàbá wọn, aláṣọ òkè, ọkùnrin gíga tí ohùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọ yàrá. Wọ́n jókòó ní pálọ̀ ní Festac, Bernice nínú aṣọ ọ̀fọ̀ lórí àpótí kékeré. Ọ̀rọ̀ kò pẹ́ kó tó dé ibi tó le. Nínú àwọn ọmọ bàbá wọn, Ọlábánjí nìkan ló mọ ìwé òyìnbó. Tòkunbọ̀ kò tíì dàgbà tó ẹni tí ìjọba ń gba ọwọ́ rẹ̀. Ó wá ku Mùsúdù, ó ku Sàdíátù, méjèèjì kò sì lè fọwọ́ sí nǹkan ju kí wọ́n tẹ àtàǹpàkò lọ.

Àtàǹpàkò sì ni èèwọ̀ ilé wọn. Ẹnì kan ti wá bá bàbá wọn láyé ọjọ́sí, ó ní kí ó tẹ ìka sí ìwé pé òun ti gba owó kòkó ọdún náà. Bàbá tẹ̀ ẹ́. Ìgbà tí òjò tún rọ̀, wọ́n ní oko ló tà. Oko náà lọ, bàbá náà kò sì pẹ́ lẹ́yìn oko. Láti ìgbà yẹn, wọ́n ti sọ ọ́ fún gbogbo ọmọ ilé: ohun tí o kò lè kà, má fi ìka kàn án.

"Màá lọ," ni Mùsúdù wí, ó ń gbọn agbádá. "Màá fi ẹnu mi gbà á níwájú ọba àti ìjòyè. Àmọ́ àtàǹpàkò? Ká má rí i."

"Bọ̀dá, ọ̀gá yẹn ní ìwé lòun fẹ́."

"Sàdíátù, ta ló ń fi ẹnu gbígbẹ gba ìyàwó? Ẹ gbé oyin, ẹ gbé obì, ẹ gbé orógbó àti ataare. Mo gbé omi kànga wa dání nínú kéègì, torí mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí á dé bẹ̀. Bí ọ̀gá náà bá rí i pé ọmọlúàbí ló wá bá òun, tí a ti ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe, ìwé wo ló tún kù?"

Bernice tún ara ṣe lórí àpótí. "Ẹ jọ̀ọ́, Ẹ̀gbọ́n àgbà, ní ọ́fíìsì yẹn, wọ́n lẹ nǹkan mọ́ ògiri pé..."

"Ìyàwó, fi í sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilé lèyí."

Sàdíátù gbà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kí a sọ òótọ́, inú rẹ̀ dùn láti gbà. Bí oyin bá lè ṣe é, ìka rẹ̀ bọ́ nínú rẹ̀ nìyẹn. Ó fi ìborùn funfun di obì àti orógbó, ó ro oyin sínú ìgò tuntun.

Ọ́fíìsì náà tóbi ju mọ́sáláṣí lọ. Sàdíátù dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lè wọlé kíákíá. Gbogbo ayé ló tò síbẹ̀ lórí ìlà kan: àwọn ará Gánà, ará Tógò, ará Índíà pẹ̀lú láwàní, ará Lẹ́bánónì tó ní ilé ìtajà, òyìnbó kan tó fi fìlà fẹ́ ara rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń pariwo. Olówó inú wọn àti tálákà inú wọn ń wo ibì kan náà, níbi tí ọkùnrin kan jókòó sí tó ń gbé òǹtẹ̀ sókè, tó ń gbé e sọ̀ kalẹ̀: gbìì. Bí ó bá ti dún, ẹnì kan á mí kanlẹ̀. Sàdíátù rò ó nínú ara rẹ̀ pé òǹtẹ̀ tí kò ju ìdí ife tíì lọ yìí ló ń sọ pé kí ènìyàn sùn níhìn-ín tàbí kí ó má sùn níhìn-ín. Sójà kan ń lọ ń bọ̀ pẹ̀lú kòbókò nítorí ìlà, torí ìjọba ìgbà náà kò gbà kí ènìyàn yẹ̀ lórí ìlà, kò sì gbà kí òṣìṣẹ́ gba ohunkóhun lábẹ́ tábìlì.

Nígbà tó kàn wọ́n, Sàdíátù ṣe ohun tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ. Wọn kì í ro ẹjọ́ ìyàwó kí obì tó délẹ̀. Kó tó sọ̀rọ̀ kan, ó kúnlẹ̀, ó tú ìborùn funfun náà sórí tábìlì ọ̀gá Gbádégẹṣin, ó gbé ìgò oyin tì í.

Ọ̀gá náà fò dìde bí ẹni tí wọ́n tú ejò síwájú rẹ̀.

"Kí lèyí? Kí lèyí? Ẹ gbé e kúrò! Ẹ gbé e kúrò lórí tábìlì mi!"

"Ọ̀gá, obì lásán ni..."

"Obì fún ta ni? Kí wọ́n lè lé mi lẹ́nu iṣẹ́? Ẹ ò rí ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri?" Sàdíátù rí i. Kò lè kà á ni. "Gbogbo ènìyàn ló ń wò wá yìí! Sójà!"

Sójà dé. Ìlà gbogbo yíjú sí wọn. Ọ̀gá Gbádégẹṣin pa fáìlì Bernice dé, ó tì í sápá kan. Ó ní òun yóò gbé e lọ sókè, kí àwọn tó wà lókè wá sọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún àlejò tí àwọn ènìyàn rẹ̀ mú ẹ̀bùn wá fún òṣìṣẹ́ ìjọba.

Mùsúdù, tí ohùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀, wo òkè àjà. "Èmi... mo kàn sìn wọ́n wá ni o," ni ó sọ fún sójà náà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Bernice ń fara balẹ̀ kó obì padà sínú ìborùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń kó ẹyin. Sàdíátù wo ọwọ́ yẹn. Òun ló tú obì náà. Ó dà bíi pé ọwọ́ òun ló pa fáìlì náà dé. Ìtìjú bò ó, lẹ́yìn náà ni ohun kan tó ju ìtìjú lọ dìde nínú rẹ̀. Ó gba kéègì omi lọ́wọ́ Mùsúdù, ó mú ìgò oyin, ó di Bernice lọ́wọ́ mú.

"Níbo là ń lọ, Ẹ̀gbọ́n mi?"

"Ẹnu ọ̀nà ni. Bọ́ bàtà rẹ."

Ní ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì yẹn, níwájú sójà àti òyìnbó àti ará Índíà, Sàdíátù ìyá olókòwò kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì. Kò sí igbá, àtẹ́lẹwọ́ ló lò. Ó kán oyin sí i, ó da omi kànga sí i, ó fọ ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ó fọ tòsì. Ẹsẹ̀ náà ti gbó ju ti àkọ́kọ́ lọ, erùpẹ̀ ọgbà ẹ̀fọ́ sì wà lábẹ́ èékánná. Ohùn rẹ̀ kò ròkè, ṣùgbọ́n ibi gbogbo ti dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí òǹtẹ̀ pàápàá kò dún mọ́.

"Ẹsẹ̀ yìí, ilé wa lo wọ̀. Ẹni tó mú ọ wá ti lọ, ilé kò lọ. Ohun tó bá bá ọ, àwa ló bá. Ohun tí mo gbé wá nìyí. Ìyàwó mi ni mo gbé oyin wá fún. N ò gbé e wá fún ọ̀gá kankan."

Obìnrin ará Gánà kan lórí ìlà, tí báàgì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní dídì, fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. Òyìnbó onífìlà dá fìlà dúró. Kò dájú pé ó mọ ohun tó ń wò, ṣùgbọ́n ó gbé fìlà náà lé àyà, ó dì í mú. Láti Ìwó ni omi náà ti wá, láti ẹ̀bá ibojì Ọlábánjí. Lójú Sàdíátù, ó wá dà bíi pé kì í ṣe òun nìkan ló kúnlẹ̀.

Ọ̀gá Gbádégẹṣin ti dìde, ó ti wá sí ẹnu ọ̀nà. Ó wo ẹsẹ̀, ó wo omi tó ń ṣàn lọ sí abẹ́ bẹ́ǹṣì, ó wo ìyá tó kúnlẹ̀.

"Màmá," ni ó wí, "ta ni yóò nu ilẹ̀ yìí?"

"Èmi náà ni."

Ó sì nù ún. Ó tú obì kúrò nínú ìborùn funfun, ó fi ìborùn náà nu ilẹ̀ ìjọba títí ó fi gbẹ.

Nígbà tó parí, ọ̀gá náà ní, "Ẹ kó obì yẹn sínú báàgì, kí ẹnikẹ́ni má rí i mọ́. Ẹ padà wá jókòó." Ó ṣí fáìlì náà. "Mo rí ohun tí ẹ ṣe. Ìyàwó tèmi náà, wọ́n fọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n, Màmá, ìjọba kò ní ojú tó fi ń rí omi. Ìwé ló ń rí. Ta ni yóò tẹ̀ ẹ́?"

Mùsúdù tún wo òkè àjà.

"Ẹ ka ohun tó wà nínú rẹ̀ fún mi," ni Sàdíátù wí.

Ọ̀gá náà ń tú u sí Yorùbá bó ṣe ń kà á lọ. "Ó ní, èmi tí mo tẹ ìka síhìn-ín ni yóò máa dáhùn fún obìnrin yìí níwọ̀n ìgbà tó bá wà ní Nàìjíríà. Bí kò bá rí jẹ, èmi ni yóò bọ́ ọ. Bí ìjọba bá ní kí ó lọ, èmi ni yóò san owó ọkọ̀ rẹ̀ padà sí ìlú rẹ̀."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan."

Sàdíátù kọjú sí Bernice. "Ìwọ tó o mọ̀wé. Ṣé ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn?"

Bernice gba ìwé náà. Kò kà á. Ó dà á dojú bolẹ̀ lórí tábìlì, ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má ṣe é. Bánjí sọ ọ̀rọ̀ oko bàbá yín fún mi. Mo mọ ohun tí ìka yín jẹ́. Mo lè lọ. Tòkunbọ̀ á wà lọ́dọ̀ yín. Ẹ̀rù ò bà mí. Màá máa wá wò yín bí wọ́n bá gbà mí láàyè."

Ohun tó bọ́ sí Sàdíátù lára lẹ́yìn gbólóhùn yẹn, kò rí orúkọ fún un títí dòní. Obìnrin tó kọ ilé bàbá rẹ̀ nítorí ibojì àbúrò òun, òun náà ló tún ń ju gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ báyìí, kí ìka òun má baà kan ìwé. Ó rántí òṣùká yẹn, bó ṣe jókòó sí orí rẹ̀ láìsí ọwọ́ tó dì í mú.

"Gbé ọwọ́ rẹ," ni ó wí. "Yí i padà, kó o kà á fún mi."

Bernice kà á. Ó kà á tán, kò fo nǹkan kan. Bákan náà ló rí.

"Ó dáa. Ohun tí mo ti sọ lẹ́nu ọ̀nà ni. Ẹ̀yin kàn fi gẹ̀ẹ́sì fà á gùn ni. Ọ̀gá, ibi tí ẹ kọ pé 'ìlú rẹ̀' yẹn, ẹ bá mi kọ Ìwó sí i."

"Màmá, kò ṣe é ṣe."

"Mo mọ̀. Mo ní kí n sọ ọ́ ni."

Ọ̀gá náà ti tìmùtìmù yíǹkì síwájú rẹ̀. Sàdíátù pe orúkọ Ọlọ́run, ó ti àtàǹpàkò bọ inú yíǹkì, ó gbé e lé ìwé. Ó retí kí nǹkan kan wó níbì kan. Kò sí ohun tó wó. Ọ̀gá Gbádégẹṣin gbé òǹtẹ̀ sókè, ó gbé e sọ̀ kalẹ̀: gbìì. Ẹnì kan mí kanlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò mọ̀ bóyá Bernice ni, tàbí òun fúnra rẹ̀.

Ọdún kan ṣoṣo ni wọ́n fún un. Bí ọdún bá yípo, wọn yóò tún wá, owó yóò tún ti gòkè. Nínú ọkọ̀ tó gbé wọn padà sí Mile 2, ohùn Mùsúdù padà dé. "Ṣé ẹ rí bí mo ṣe dákẹ́ jẹ́ẹ́ níbẹ̀? Ọgbọ́n àgbà nìyẹn."

"A rí i, Ẹ̀gbọ́n àgbà," ni Bernice wí. "Ẹ kú ìdákẹ́." Sàdíátù sì rẹ́rìn-ín, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti sin Ọlábánjí.

Oyin tó kù, wọ́n fi jẹ búrẹ́dì ní Festac. Nígbà tí Sàdíátù dé Ijegun-Egba, àkókò ìrun alásárì ti tó. Ó gbé búta, ó ṣe àlùwàlá. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó fi ọṣẹ ìsọ̀ rẹ̀ fọ àtàǹpàkò náà, ó fi kànìnkànìn ha á. Yíǹkì náà kò lọ. Ó ṣì wà níbẹ̀ ní ìrun mọ̀gàríbì, ó ṣì wà níbẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí Sàdíátù na ọwọ́ láti gba owó ṣúgà lọ́wọ́ oníbàárà tó kọ́kọ́ dé.

"Màmá, kí ló ṣe ìka yín?" ni oníbàárà náà bi í.

Sàdíátù gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó ń wò ó bí ẹni tí kò rí i rí. "Ìyàwó mi ni," ó wí. "Ẹsẹ̀ ìyàwó mi ni mo fọ̀."